Gáàsì ni àbí propofol? Ọ̀rọ̀ lórí oorun iṣẹ́ abẹ, sísanra àti kíndìnrín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n fún èèyàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí n dúró tì í títí wọ́n á fi parí, kí n sì jí i. Lọ́jọ́ kan mo lọ kí ìyá kan ní wọ́ọ̀dù, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ṣe sleeve fún wọn, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti máa ń gé èyí tó pọ̀ jù lára àpòlúkù kúrò kó lè ku tẹ́ẹ́rẹ́, kéèyàn má lè jẹun púpọ̀ mọ́, kó sì lè fọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, mi ò tíì ṣí fáìlì, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, oògùn oorun wo lẹ fẹ́ fún mi? Àbúrò mi ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mi ò fẹ́ kí oògùn yín ba kíndìnrín tèmi náà jẹ́ o."

Mo ní mummy, ìbéèrè gidi lẹ bi mí yẹn, màá dáhùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò nílé hàn mí. Wọ́n ṣí báàgì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ lisinopril wà níbẹ̀, èyí tó ń múni tọ̀ wà níbẹ̀, metformin ti ìtọ̀ ṣúgà náà wà níbẹ̀, ó wá ku páálí kan tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́, mo ní kí lèyí, wọ́n ní kì í ṣe oògùn kan lọ títí, ti orúnkún lásán ni. Ibuprofen ni. Ó ku ẹyọ méjì nínú páálí náà, wọ́n ní ojoojúmọ́ làwọn ń lò ó láti bí oṣù mélòó kan. Ìgbà yẹn ló wá hàn sí mi pé tí mo bá máa sọ òótọ́ fún ìyá yìí, ohun tó wà nínú báàgì wọn lè ṣe kíndìnrín wọn ní jàǹbá ju gbogbo oògùn oorun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi lọ. Ohun tí mo wá sọ lónìí gan-an nìyẹn, ìyókù àlàyé ni, ṣùgbọ́n àlàyé náà pọ̀ o, ẹ fara balẹ̀.

Kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ló ń fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn dáadáa, tó sì lágbára lẹ́yìn. Méjèèjì ò tóbi rárá, kálukú ò ju ìkúùkù èèyàn lọ, síbẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, ó ń lọ sí lítà kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á sẹ́ omi tó tó lítà 180 lójúmọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, wọ́n á tún fà á padà sínú ara, lítà kan sí méjì péré ló máa kù tá a máa tọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Inú lọ́hùn-ún kíndìnrín gan-an, níbi tí wọ́n ti ń fa omi padà yẹn, atẹ́gùn tó ń dé ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó kàn ń tó o lò ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀ fún àkókò díẹ̀, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń jìyà.

Ẹni tó bá wá sanra gan-an, kíndìnrín tiẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ àṣekún tipẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ara tóbi, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó sẹ́ pọ̀, nítorí náà á máa sẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bó bá ṣe ń pẹ́, purotéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ìtọ̀. Ẹ wá fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún un, ẹ fi ìtọ̀ ṣúgà kún un, ẹ fi èémí tó máa ń há mọ́ni lọ́fun lójú oorun kún un, torí àwọn nǹkan wọ̀nyí sábà máa ń rìn pọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007, wọ́n wo èèyàn 504 tí wọ́n ṣe gastric bypass fún, ìyẹn iṣẹ́ abẹ sísanra míì tí wọ́n ti máa ń mú kí oúnjẹ gba ọ̀nà kúkúrú nínú ikùn, kíndìnrín nǹkan bí 8 sí 9 nínú 100 wọn ló ṣe ségesège lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn tó sì wà lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril yẹn wà lára àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ségesège bẹ́ẹ̀ máa ń lọ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí á pẹ́ sí i nílé ìwòsàn, àwọn díẹ̀ nínú wọn sì máa ń dé ìdí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé kíndìnrín ti fara pa? Ìlànà tí KDIGO, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa kíndìnrín lágbàáyé, gbé jáde ní 2012 la máa ń tẹ̀ lé: tí creatinine inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí ara tó yẹ kí kíndìnrín gbé jáde, bá fi 0.3 mg/dL lọ sókè láàárín wákàtí 48, tàbí kó di ìlọ́po kan àtààbọ̀ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, tàbí kí ìtọ̀ kéré ju ìdajì mílílítà lórí kílò kan ní wákàtí kan fún wákàtí mẹ́fà. Ẹ wo ti ìtọ̀ yẹn dáadáa torí ó máa ń dà wá láàmú. Ẹni tó wúwo tó kílò 150, ìdajì mílílítà lórí kílò kan á jẹ́ 75 ní wákàtí kan. Tó bá sì jẹ́ ìwọ̀n tó yẹ kó wà fún gíga ẹ̀ lẹ fi ṣírò, ká ní ọkùnrin tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170 ni, kílò 66 ló yẹ kó wà, á jẹ́ 33. Èèyàn kan náà, ìtọ̀ kan náà nínú báàgì, nọ́ọ̀sì kan á pariwo pé kíndìnrín ti ń kú, èkejì á ní kò sí nǹkan kan. Ọ̀rá kì í tọ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ìtọ̀ kéré lára ẹni tó sanra, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé kílò wo ni wọ́n fi ṣírò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti oògùn oorun tí ìyá yẹn béèrè. Ọ̀nà méjì ló wà lọ́wọ́ wa jù fún iṣẹ́ abẹ yìí. Ọ̀kan ni ká fi gáàsì gbé oorun ró, bíi sevoflurane tàbí desflurane, tí èèyàn á máa mí sínú. Èkejì ni ká má lo gáàsì rárá, ká máa fi ẹ̀rọ kékeré kan ta propofol sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Propofol yìí, oògùn funfun ni, bíi mílíìkì ló rí, òun náà ló sì sábà máa ń múni sùn níbẹ̀rẹ̀ ká tó yí sí gáàsì. Ti kí wọ́n kàn gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn kí ìsàlẹ̀ kú, ìyẹn ò ṣeé gbára lé fún iṣẹ́ abẹ yìí, torí òkè ikùn ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á sì fẹ́ ikùn bíi bàlúùnù.

Ìbẹ̀rù tí àwọn èèyàn ní sí gáàsì kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán o, ó ní ibi tó ti wá. Gáàsì kan wà tó ń jẹ́ methoxyflurane, nǹkan bíi 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, àwọn dókítà fẹ́ràn ẹ̀ torí ó ń pa ìrora gan-an. Ìgbà tó di 1966 làwọn kan kọ ọ́ jáde pé àwọn tí wọ́n fún ní gáàsì yìí, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wọ́n ń tọ̀ ṣáá, ìtọ̀ tó mọ́ gaara bí omi, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, kíndìnrín ò lè fa omi padà mọ́. Ohun tó fà á ni pé ara máa ń fọ́ gáàsì yìí sí wẹ́wẹ́, ó ju ìdajì èyí téèyàn fà sínú lọ, fluoride, èròjà tó lè di májèlé fún kíndìnrín, á sì jáde nínú ẹ̀. Ibi tó wá kan ọ̀rọ̀ tiwa ni pé gáàsì yẹn fẹ́ràn ọ̀rá púpọ̀. Ó máa wọ inú ọ̀rá lọ sápamọ́ síbẹ̀, á máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni fluoride á máa jáde pẹ̀lú ẹ̀, èèyàn ti jí tipẹ́, gáàsì ò tíì kúrò lára ẹ̀. Ẹ rò ó wò fún ẹni tí ọ̀rá pọ̀ lára ẹ̀. Wọn ò fi fún èèyàn lóorun iṣẹ́ abẹ mọ́, èyí tó kù tí wọ́n ń lò ni ìwọ̀nba kékeré téèyàn ń fà sínú fún ìrora ní àwọn ibì kan bí Ọsirélíà.

Láti ìgbà yẹn ni gbogbo gáàsì tuntun tó bá ti ní fluoride nínú ti di ohun tí wọ́n ń fura sí. Nígbà tí sevoflurane dé, wọ́n wọn fluoride inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lò ó, nígbà míì ó ga tó bíi ti methoxyflurane, jìnnìjìnnì bo àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n kíndìnrín wọn ò bàjẹ́. Kí ló dé? Ìdí méjì. Ìwọ̀nba bí 2 sí 5 nínú 100 sevoflurane lara ń fọ́, tó bá sì ti tán, kíá ló ń jáde lára. Èkejì, inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń fọ́, nígbà tó jẹ́ pé methoxyflurane, inú kíndìnrín fúnra ẹ̀ náà ló ti ń fọ́, ibi tó yẹ kó dáàbò bò ló ti ń da májèlé sílẹ̀. Desflurane tiẹ̀ kéré sí i, ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lara ń fọ́, ká kúkú ní kì í fọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí sevoflurane tó ń kó ìbẹ̀rù bá àwọn èèyàn. Tó bá pàdé kẹ́míkà tó ń fa carbon dioxide mu nínú ẹ̀rọ wa, nǹkan kan máa ń jáde tí wọ́n ń pè ní Compound A. Ó ba kíndìnrín èkúté jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èkúté ní púpọ̀ nínú èròjà kan tó ń sọ Compound A di májèlé nínú kíndìnrín wọn, tiwa ò tó bẹ́ẹ̀ rárá, gbogbo ọdún tí wọ́n sì ti fi ń lo sevoflurane fún ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, wọn ò rí irú jàǹbá yẹn lára èèyàn. Síbẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé tó bá oògùn náà rìn fi sọ pé kí gáàsì tuntun tó ń wọ inú ẹ̀rọ má ṣàn kéré ju lítà 1 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kẹ́míkà tí wọ́n ń ṣe báyìí náà ti yàtọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mú Compound A jáde mọ́.

Ṣé propofol wá dáa ju gáàsì lọ fún kíndìnrín ni? Mi ò ní fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín: àwọn nǹkan kan wà tó fi bẹ́ẹ̀ hàn. Lọ́dún 2014 ní South Korea, wọ́n mú èèyàn 112 tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí fáàfù ọkàn wọn, wọ́n fi sevoflurane fún àwọn kan, wọ́n fi propofol fún àwọn tó kù, kíndìnrín bí 37 nínú 100 ló ṣe ségesège lọ́dọ̀ àwọn onígáàsì, nígbà tó jẹ́ bí 11 péré lọ́dọ̀ àwọn onípropofol. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ọkàn nìyẹn, níbi tí wọ́n ti dá ọkàn dúró tí ẹ̀rọ ń tú ẹ̀jẹ̀ dípò ẹ̀, ara á gbiná látòkè délẹ̀, propofol sì máa ń pa díẹ̀ nínú iná yẹn. Sleeve tó gba wákàtí kan àtààbọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá mú èsì yẹn wá síbí láìyí i padà, ó ti sáré jù.

Ohun tí mo gbà gbọ́ pé propofol fi ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ abẹ tiwa yìí ò tiẹ̀ sí nínú kíndìnrín rárá, inú ikùn ló wà: èébì. Àwọn tó lo propofol kì í fi bẹ́ẹ̀ bì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bí àwọn tó lo gáàsì. Ẹni tí wọ́n sì ti ran àpòlúkù ẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá ń bì, omi ò lè dúró, tí omi ò bá dúró, kíndìnrín á gbẹ. Màá padà síbẹ̀.

Propofol náà ní ewu tiẹ̀ o, ewu náà sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó sanra torí kílò yẹn náà ni. Ẹ padà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ga ní 170 tó wúwo tó 150 yẹn. Tẹ́nì kan bá fẹ́ fi propofol mú un sùn ní mílígíráàmù 2 lórí kílò kan, tó wá fi gbogbo 150 ṣírò, 300 ló máa ta sí i lára. Tó bá yọ ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀, tó ku ẹran ara àti egungun, kílò bíi 78 ló máa kù, ìyẹn á jẹ́ nǹkan bíi 156. Ẹ wo àárín méjèèjì! Ẹni tó bá gba 300 yẹn, ìfúnpá ẹ̀ á já wálẹ̀ bí òkúta, pàápàá tó bá ti lo lisinopril ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, oògùn tá a fi ń gbé ìfúnpá padà sókè lè má tètè gbọ́. Ìṣẹ́jú 10 bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú 15 bẹ́ẹ̀, kíndìnrín tó ti mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru lára tipẹ́ ò lè fara dà á, torí ohun tó tó fún ẹlòmíì kò tó o. Nítorí náà ẹni tó bá ń bi mí pé oògùn wo, mo máa ń sọ fún un pé kó tún béèrè pé mélòó, àti pé ta ló ń wo ìfúnpá.

Ẹ jẹ́ n wá mú yín wọ yàrá iṣẹ́ abẹ díẹ̀. Èèyàn ti sùn, wọ́n ti fi gáàsì carbon dioxide fẹ́ ikùn kí kámẹ́rà lè ríran, ìfúnpá inú ikùn á wà ní bíi 12 sí 15, wọ́n á wá gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ẹsẹ̀ á wà nísàlẹ̀, kí ìfun lè ṣí kúrò lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ á ṣàn lọ sẹ́sẹ̀. Ikùn tó fẹ́ yẹn á tẹ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú kíndìnrín, ara á rò pé òun ń pàdánù omi, á tú àwọn omi ara tó ń dá ìtọ̀ dúró sílẹ̀. Mo máa ń wo báàgì ìtọ̀ nígbà yẹn, ìtọ̀ díẹ̀ tó pọ́n lọ́ọ́rọ́ yẹn á kàn dúró sójú kan nínú rọ́bà, kò ní kán. Tẹ́lẹ̀, ohun táwa dókítà oorun máa ń ṣe ni pé ká sáré ṣí dríìpù sílẹ̀, ká bu omi lé e lórí, ká tún bu sí i.

Ìgbà tó yá làwọn kan ní Ísírẹ́lì wá dán an wò, èsì ẹ̀ jáde ní 2012. Èèyàn 107 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ dín-sísanra-kù fún, wọ́n fún àwọn kan ní dríìpù mílílítà 4 lórí kílò kan ní wákàtí kan, wọ́n fún àwọn tó kù ní 10. Ìtọ̀ ò yàtọ̀. Omi tó ju ìlọ́po méjì lọ, ìtọ̀ kan náà. Torí náà ìtọ̀ tó kéré lásìkò yẹn, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń sọ pé omi ò tó, ikùn tí wọ́n fẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó ká mi lára, torí mo rántí gbogbo àwọn tí mo ti bu omi fún láìnídìí, tí ojú wọn wú, tí wọn ò lè mí dáadáa lálẹ́. Ní báyìí tí ìtọ̀ bá dúró, ìfúnpá ni mo kọ́kọ́ ń wò, mo sì máa ń bi dókítà oníṣẹ́ abẹ pé ṣé ẹ lè dín ìfúnpá ikùn yẹn kù díẹ̀, láti 15 sí 12. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń gbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, ó sì dùn mí títí dòní. Ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, iṣẹ́ abẹ kan le fún wọn, ó lé ní wákàtí márùn-ún. Ọkùnrin ni, ara tóbi gan-an. Lọ́jọ́ kejì, ikùn ò dùn ún, ìdí ló ń dùn ún. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá, "Ìdí mi ń ta mí," wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ló le, wọ́n fún un ní oògùn ìrora. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ́sàn-án, mo ní kó yí padà kí n wò ó, awọ ara ẹ̀ mọ́ o, kò bó, kò pọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó le bíi pákó. Mo wá gbé báàgì ìtọ̀ sókè síbi iná. Dúdú. Ó dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́. Ara ẹ̀ tó wúwo ti tẹ ẹran ìdí ẹ̀ mọ́ pákó bẹ́ẹ̀dì fún wákàtí márùn-ún, ẹran náà ti kú, ohun pupa inú ẹ̀ ti ń ya sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dí kíndìnrín. Àyẹ̀wò CK tá a ṣe, èyí tó ń fi hàn bí ẹran ara ṣe bàjẹ́ tó, nọ́ńbà náà ga débi pé láábù tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Àsìkò yẹn, omi gan-an la fi gba ẹ̀mí ẹ̀ là, dríìpù tọ̀sán tòru, creatinine lọ sókè fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kò dé ìdí ẹ̀rọ. Propofol la fi gbé oorun ẹ̀ ró o! Oògùn tí gbogbo èèyàn ń pè ní ọ̀rẹ́ kíndìnrín. Kọ́ṣọ̀n tó nípọn lábẹ́ ìdí, ká dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yí ara ẹ̀ padà, nǹkan tí ì bá gbà á nìyẹn, kò ná wọn ní nǹkan kan.

Èyí tó kù lórí oògùn, màá sáré sọ ọ́. Lisinopril àti àwọn ẹbí ẹ̀, bá dókítà yín sọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ní kẹ́ ẹ má lò ó láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ibuprofen, diclofenac àti gbogbo irú wọn, ẹ fi sílẹ̀, kódà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí yàtọ̀ sí kíndìnrín, wọ́n lè dá egbò sínú àpòlúkù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà tó ń da ṣúgà sínú ìtọ̀, bíi dapagliflozin àti empagliflozin, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ló yẹ kẹ́ ẹ dá a dúró, ẹ rántí pé oúnjẹ ti kéré lọ́sẹ̀ yẹn, ásíìdì lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ṣúgà ò tiẹ̀ ga. Omi lásán, ẹ lè mu ún títí di wákàtí méjì ṣáájú oorun, àyàfi tí dókítà oorun yín bá ní ìdí tó fi sọ pé ẹ má mu. Mo rí àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n má fi nǹkan kan kan ẹnu láti alẹ́, tí iṣẹ́ abẹ wọn sì di ọ̀sán, wọ́n gbẹ wá sọ́dọ̀ mi, èyí tí ò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá.

Ẹnì kan béèrè pé tí ìtọ̀ bá di àwọ̀ ewé lẹ́yìn propofol ńkọ́, òun gbọ́ ọ rí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò ṣe kíndìnrín ní nǹkan kan, á lọ. Ẹlòmíì béèrè bóyá ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tiẹ̀ yẹ kó ṣe é, torí tí ara bá fọn, tí ìfúnpá àti ṣúgà bá wálẹ̀, purotéènì tó ń jò sínú ìtọ̀ máa ń dín kù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún dókítà oorun, torí oògùn kan wà tá a fi ń dá agbára ẹran ara padà níparí iṣẹ́, sugammadex, kíndìnrín ló ń gbé e jáde. Ohun kan tún wà: lẹ́yìn oṣù mélòó kan, èèyàn máa ń pàdánù ẹran ara pẹ̀lú ọ̀rá, creatinine sì ń ti ara ẹran wá, nítorí náà ó lè wálẹ̀ kí inú yín dùn, kí kíndìnrín má sì tíì sàn bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi cystatin C kún un, àyẹ̀wò kíndìnrín míì tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ẹran ara. Ẹni tó bá sì ṣe bypass, kó mọ̀ pé òkúta kíndìnrín máa ń wọ́pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, omi ni kó máa mu.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí omi. Èmi ò bẹ̀rù wákàtí kan àtààbọ̀ tí èèyàn fi wà lọ́wọ́ mi tó ọjọ́ kẹta sí ìkẹwàá tó máa wà nílé. Àpòlúkù ti kéré, ó wú, ìwọ̀n ẹnu kan ti kún un, òùngbẹ ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbẹ ẹlòmíì. Lítà kan àtààbọ̀ lójúmọ́ la máa ń ní kí wọ́n mu, ọ̀pọ̀ ò lè mu ìdajì ẹ̀. Àwọn tí mo ti rí tí kíndìnrín wọn bàjẹ́, ọ̀nà yìí lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbà dé: wọ́n bì fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń tijú láti pe ilé ìwòsàn, wọ́n tún lo oògùn tó ń múni tọ̀ lé e lórí torí pé ó wà nínú ìwé oògùn wọn látẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n dá a dúró. Ìtọ̀ á di ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́, òyì á máa kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde. Tí ọ̀kan nínú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá.

Ìyá tó bi mí léèrè yẹn, propofol ni mo lò fún wọn lópin ọ̀rọ̀. Kì í ṣe torí kíndìnrín. Wọ́n sọ fún mi pé láti kékeré làwọn ti máa ń bì tí àwọn bá wọ mọ́tò, irú wọn gan-an ló máa ń bì lẹ́yìn gáàsì. A sún iṣẹ́ abẹ wọn síwájú fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ibuprofen lè kúrò nílẹ̀, a tún creatinine yẹ̀ wò, ó ti wálẹ̀ díẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Iṣẹ́ abẹ gba wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ìtọ̀ dúró ní àárín ẹ̀ bó ṣe máa ń dúró, ìfúnpá wọn ò jábọ́, mi ò bu omi lé wọn, nígbà tí wọ́n tú afẹ́fẹ́ ikùn sílẹ̀, kò pé wákàtí kan tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Lọ́jọ́ kejì mo yà kí wọn. Wọ́n jókòó sórí àga, kọ́ọ̀pù oògùn kékeré onímílílítà 30 wà lọ́wọ́ wọn, bébà kan wà lórí itan wọn tí wọ́n ń fi bírò fa ìlà sí. Mo bèèrè bí ara ṣe ń ṣe wọ́n, wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n fi ọwọ́ júwe pé kí n dúró, wọ́n rọra mu èyí tó wà nínú kọ́ọ̀pù náà tán, wọ́n fa ìlà kan sí i, wọ́n wá gbójú sókè. "Ìkẹtàdínlógún rèé láti àárọ̀, dókítà. Mò ń kà á."